Ìlànà àjùmọ̀lò fún ẹ̀rọ paravirtual tí a ó máa lò fún dẹ́sítọ́ọ̀pù: kí ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀?

Ìbéèrè

Mo kí gbogbo yín. Mo ń kọ àkọsílẹ̀ kan lọ́wọ́ lórí irú ẹ̀rọ tí ó yẹ kí hypervisor, ìyẹn ètò tí ń dá kọ̀ǹpútà àfarawé sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gidi, máa gbé síwájú operating system nígbà tí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe bá jẹ́ ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, ìyẹn ni pé ènìyàn yóò jókòó síwájú rẹ̀, yóò máa tẹ kíbọ́ọ̀dù, yóò máa wo fídíò, yóò sì máa fa wíńdò láti ibì kan sí ibòmíràn. N kò sọ̀rọ̀ nípa server tí ẹnikẹ́ni kì í wo ojú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ èrò náà wò kí n tó tẹ̀ síwájú.

Bí a bá ṣí virtual machine (kọ̀ǹpútà àfarawé bẹ́ẹ̀) lórí hypervisor QEMU fún processor x86 láì yan irú ẹ̀rọ tí a fẹ́, ohun tí àlejò (operating system inú rẹ̀) yóò bá pàdé ni àfarawé chipset Intel 440FX tí ó jáde ní ọdún 1996. Bí a bá yan q35, a ti sún mọ́ òde òní díẹ̀, ṣùgbọ́n chipset ọdún 2007 náà ni. Nínú méjèèjì ni kíbọ́ọ̀dù PS/2, aago PIT, VGA àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí dẹ́sítọ́ọ̀pù òde òní fi wọ́n ṣe mọ́. Hypervisor gbọ́dọ̀ máa ṣe àfarawé gbogbo wọn pátá, kọ̀ọ̀kan wọn sì lè di ihò tí ọ̀tá yóò gbà wọlé. Àléébù tí wọ́n pè ní VENOM ní ọdún 2015, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2015-3456, inú kóòdù tí ó ń ṣe àfarawé floppy ni ó sá pamọ́ sí láti ọdún 2004, ó sì ṣeé fi kọlu onílé (kọ̀ǹpútà gidi tí ó gba àlejò) kódà nígbà tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà kò fi floppy kankan sí i.

Èrò mi ni pé kí a kó gbogbo èyí dànù, kí a sì gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí kò díbọ́n rárá pé òun jẹ́ kọ̀ǹpútà gidi. Àlejò yóò mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé inú ẹ̀rọ mìíràn ni òun wà, yóò sì máa bá onílé sọ̀rọ̀ tààrà; ohun tí paravirtual túmọ̀ sí nìyẹn. Mo yẹ microvm wò, irú ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wọ inú QEMU 4.2 ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ó sì wù mí gan-an: nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, kò ní PCI (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà sábà fi ń so device mọ́ra), kò ní ACPI (àkọsílẹ̀ tí firmware fi ń sọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ fún operating system), virtio-mmio nìkan, tí ń fi device sí àdírẹ́sì kan nínú mẹ́mọ́rì, ni ó fi ń so àwọn device mọ́ra, ó sì tètè ń dìde. Mo rò pé bí a bá fi virtio-gpu (àwòrán), virtio-input (kíbọ́ọ̀dù àti máòsì), virtio-snd (ohùn), virtio-fs (fáìlì) àti virtio-net (nẹ́tíwọ́ọ̀kì) lé e lórí, dẹ́sítọ́ọ̀pù ti pé nìyẹn. Gbogbo wọn ni ó ti ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú virtio, ìlànà device paravirtual tí àjọ OASIS ń tẹ̀ jáde, nítorí náà a kò ní láti dá ohun tuntun sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù ni pé kí a sọ èyí tí ó jẹ́ dandan àti èyí tí kì í ṣe dandan, kí QEMU, Cloud Hypervisor, crosvm àti àwọn yòókù lè máa gbé ẹ̀rọ kan náà síwájú àlejò kan náà.

Ṣé virtio-mmio tó fún irú iṣẹ́ yìí? Ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí processor fúnra rẹ̀ jẹ́ paravirtual, bí hypervisor Xen ti ṣe é níbẹ̀rẹ̀? Èyí tí ó ṣe pàtàkì sí mi jù ni pé ibo ni ó yẹ kí ìlànà náà dúró lórí ọ̀rọ̀ àwòrán, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé oníkálukú ń gba ọ̀nà tirẹ̀.

Èsì kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo gbà pẹ̀lú yín pé ó yẹ kí àwọn device àtijọ́ lọ, ẹ̀rí sì wà pé ó ṣeé ṣe. Microsoft ṣe é nínú Hyper-V, hypervisor tirẹ̀, ní ọdún 2013, nígbà tí Windows Server 2012 R2 gbé ẹ̀rọ Generation 2 jáde: firmware UEFI rọ́pò BIOS àtijọ́, IDE lọ, floppy lọ, PS/2 lọ, àwọn device tí ń gba orí VMBus, ọ̀nà paravirtual ti Hyper-V, sọ̀rọ̀ sì bọ́ sí ipò wọn. Ohun tí ó ná wọn ni pé Windows 7 kò lè jókòó sórí ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó bá ń kọ irú ìlànà yìí gbọ́dọ̀ gba àdánù bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé operating system tí ó bá ti pẹ́ jù, q35 ni kí ó máa lò.

Ní ti processor, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ọ̀nà yẹn. Nígbà tí Xen jáde ní ọdún 2003, x86 kò ní ìrànwọ́ kankan fún virtualization, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún kernel (ọkàn operating system) àlejò kọ kí ó lè máa bẹ hypervisor fún ohun tí kò lágbára láti fúnra rẹ̀ ṣe. Intel gbé irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀, VT-x, jáde ní ọdún 2005, AMD tẹ̀ lé e ní ọdún 2006, page table onípele méjì, tí ń jẹ́ kí processor fúnra rẹ̀ túmọ̀ àdírẹ́sì mẹ́mọ́rì àlejò, sì dé lẹ́yìn wọn, ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe tẹ́lẹ̀ bá di ẹrù lórí wọn. VMI, tí VMware fẹ́ kí ó di àjùmọ̀lò fún processor paravirtual, wọ inú Linux, wọ́n sì tún yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀dà 2.6.37. Ohun tí ó ṣì wúlò níbẹ̀ lónìí kò pọ̀, aago sì ni ó ṣáájú nínú wọn. Linux ń lo kvmclock. Windows ń ka ojú ìwé mẹ́mọ́rì kan tí Hyper-V ṣètò fún TSC (òǹkà àkókò inú processor), KVM, hypervisor inú Linux, náà sì mọ bí a ṣe ń fi irú rẹ̀ hàn án. Bí àlejò kò bá rí aago tí ó ṣeé kà láti inú mẹ́mọ́rì tirẹ̀, yóò máa jáde lọ bá hypervisor ní gbogbo ìgbà tí ètò kan bá bèèrè àkókò, àwọn ètò dẹ́sítọ́ọ̀pù sì ń bèèrè rẹ̀ ṣáá, pàápàá nígbà tí fídíò bá ń lọ. Ẹ fi àwọn aago méjèèjì ṣe dandan.

Virtio-mmio ni n kò fara mọ́. Iṣẹ́ server kéékèèké tí ń dìde tí ó sì ń kú kíákíá ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe microvm. Nínú ìwé tirẹ̀, wọ́n sọ ọ́ pé device kò lè ju mẹ́jọ lọ, pé a kò lè ki device bọ̀ ọ́ tàbí yọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àti pé a kò lè gbé e láàyè (láì pa á) láti ẹ̀dà QEMU kan lọ sí òmíràn. Dẹ́sítọ́ọ̀pù nílò gbogbo ohun tí wọ́n kọ̀ níbẹ̀: ènìyàn yóò so kámẹ́rà mọ́ ọn, yóò fi ojú kọ̀ǹpútà kejì kún un, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láì pa á. Lẹ́yìn èyí, okùn interrupt (àmì tí device fi ń pe processor) kan ṣoṣo ni device virtio-mmio kọ̀ọ̀kan ní, nígbà tí PCIe (PCI òde òní) lè fún virtqueue (ìlà iṣẹ́ láàárín àlejò àti device) kọ̀ọ̀kan ní interrupt tirẹ̀ láti inú MSI-X, kí ó sì darí rẹ̀ sí processor tí ó bá yẹ. PCIe tún ń jẹ́ kí àlejò fúnra rẹ̀ wá device rí: nọ́ńbà 0x1AF4 ni ó ń fi virtio hàn, 0x1050 sì ni virtio-gpu. Virtio-mmio kò ní irú rẹ̀. Àfi kí ẹnìkan kọ àdírẹ́sì sílẹ̀ fún kernel. Àwọn driver virtio tí ó wà fún Windows, orí PCI ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá fẹ́ fi kááàdì GPU gidi lé àlejò lọ́wọ́, PCIe ni yóò gbà.

Àwòkọ́ṣe tí ó dára fún yín ni ẹ̀rọ virt tí QEMU ní fún ARM, nítorí wọn kò kọ́ ọ láti farajọ bọ́ọ̀dù gidi kankan: PCIe, UEFI, ACPI tàbí device tree, virtio, ó parí. Fún x86, ẹ lo ACPI oní hardware-reduced, èyí tí ó ti wà láti ACPI 5.0, kí ẹ lè sá fún àwọn aago àti register tí ACPI àtijọ́ máa ń fi ipá béèrè.

Èsì kejì

Ẹni tí ó ṣáájú mi ti sọ èyí tí ó rọrùn láti yanjú. Èmi yóò dúró lórí àwòrán, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìgbìyànjú ti ń ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó fẹ̀ ní 3840 tí ó sì ga ní 2160, bí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 4, àwòrán kan ṣoṣo jẹ́ báìtì 33,177,600. Bí ó bá ń yí padà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti tó gígábáìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Nínú ọ̀nà 2D tí virtio-gpu bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àlejò yóò fi processor ya àwòrán sínú mẹ́mọ́rì tirẹ̀, yóò ní kí onílé da ibi tí ó yí padà kọ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀, lẹ́yìn náà yóò ní kí ó gbé e jáde. Fún ẹni tí ń tẹ lẹ́tà, ibi tí ó ń yí padà kéré, ara yóò tù ú. Fún ẹni tí ń wo fídíò tí ó kún ojú kọ̀ǹpútà, kò sí ibi tí kì í yí padà, iṣẹ́ àdàkọ yẹn yóò sì jẹ processor tán. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ìlànà yín fi ṣe dandan ni blob resource, tí ó wà nínú virtio 1.2 ti ọdún 2022. Ó ń jẹ́ kí àlejò àti onílé jọ máa wo mẹ́mọ́rì kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní da nǹkan kọ.

Ní ti 3D, ọ̀nà mẹ́ta nínú virtio-gpu ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò. Virgl ń kó àṣẹ OpenGL (èdè tí ètò fi ń pàṣẹ fún GPU) ránṣẹ́, onílé yóò tú u, yóò sì tún un pè ní OpenGL. Ó ti pẹ́ jù lọ, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtumọ̀ inú rẹ̀ wúwo. Venus ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Vulkan, èdè tuntun irú rẹ̀, tí àṣẹ rẹ̀ súnmọ́ bí GPU ti ń ṣiṣẹ́, ìtumọ̀ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Native context sì ń jẹ́ kí àlejò lo driver gidi ti GPU tí ó wà lọ́dọ̀ onílé, kí ó kàn máa gba inú virtio-gpu bá kernel onílé sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó yára jù, òun náà sì ni ó lòdì sí ohun tí ẹ ń kọ, nítorí pé àlejò gbọ́dọ̀ mọ irú kááàdì tí onílé ní. Bí onílé bá pààrọ̀ kááàdì, ẹ̀rọ náà kì í ṣe ẹ̀rọ kan náà mọ́.

Èrò tèmi, tí mo sì dúró lé gbọin-gbọin, ni pé kí Venus jẹ́ ìpìlẹ̀. Nínú àlejò, Zink yóò máa gbé OpenGL gun orí Vulkan, DXVK yóò sì máa ṣe ti Direct3D fún àwọn ètò tí wọ́n kọ fún Windows tí a ń lò lórí Linux. A ó fi native context sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ìlànà tí ó bá ní kí oníkálukú yan èyí tí ó wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kọ ọ́. Ibi tí ó ṣòro ni àlejò Windows. Driver viogpudo tí a ń lò níbẹ̀, gbígbé àwòrán jáde nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í fún àwọn ètò ní 3D. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí di àjùmọ̀lò ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ ṣetán láti ná owó àti ọgbọ́n sórí driver yẹn.

Ohun kékeré kan tún wà tí àwọn tí ń ṣe server kì í kà sí. Virtio-gpu ní virtqueue méjì, ọ̀kan fún àṣẹ, ọ̀kan fún ọfà máòsì nìkan. Bí onílé bá fúnra rẹ̀ ń ya ọfà náà, yóò máa tẹ̀ lé ọwọ́ ènìyàn kódà nígbà tí àlejò bá ń ṣiṣẹ́ tí ó wúwo. Bí a bá jẹ́ kí àlejò yà á pọ̀ mọ́ àwòrán yòókù, gbogbo dẹ́sítọ́ọ̀pù yóò dà bí ohun tí ó ń sùn. Ẹ fi sí i pé kí virtio-input gbé tablet àti máòsì jáde pa pọ̀: tablet ń sọ ibi tí ọfà wà gan-an, nítorí náà ènìyàn lè wọlé kí ó sì jáde kúrò nínú wíńdò àlejò láì tẹ bọ́tìnì kankan, nígbà tí máòsì tí ń ka ìrìn nìkan ni àwọn eré orí kọ̀ǹpútà nílò.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti gba PCIe, mo sì ti yọ ọ̀rọ̀ processor kúrò nínú àkọsílẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ Venus tẹ́ mi lọ́rùn, n ó sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí dandan. Ohun tí ó kù tí n kò rí ojútùú rẹ̀ ni bí Windows yóò ṣe wọ orí ẹ̀rọ yìí ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé kò ní driver virtio nínú ara rẹ̀ nígbà tí a bá ń gbé e kalẹ̀, Windows 11 sì tún ń béèrè TPM 2.0 (chip ààbò), bẹ́ẹ̀ kò sí virtio fún ìyẹn.

Èsì kẹta

Mo rò pé ẹ ti so ọkàn yín mọ́ orúkọ virtio ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè nípa device kọ̀ọ̀kan ni pé ṣé àlejò lè lò ó láì máa jáde lọ sọ́dọ̀ hypervisor ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ṣé ó sì ti ní driver fún un. Ẹ wo NVMe, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dísíìkì SSD sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà gidi ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ìlànà NVMe 1.3 ti ọdún 2017 fi ohun kan kún un tí ó ń jẹ́ kí àlejò kọ iye tí ó yẹ kí ó tẹ̀ sórí doorbell (register tí ń sọ fún device pé iṣẹ́ ti dé) sínú mẹ́mọ́rì lásán, kí ó má sì fọwọ́ kan doorbell gidi àfi nígbà tí ó bá pọn dandan. Ọgbọ́n paravirtual ni èyí láti òkè dé ilẹ̀, Windows sì ti ń gbé driver NVMe wá pẹ̀lú ara rẹ̀ láti Windows 8.1. Ẹ fi NVMe ṣe dísíìkì tí ẹ̀rọ yóò ti dìde, ìṣòro ìgbà àkọ́kọ́ yẹn yóò lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ virtio-blk fún dísíìkì mìíràn, kí ó fi kún un.

Bákan náà ni mo rí xHCI, tí ń darí USB. Kò sí virtio fún USB, ẹ má sì ṣe dá a sílẹ̀. xHCI kan ṣoṣo yóò fún yín ní kíbọ́ọ̀dù àti tablet tí gbogbo firmware àti gbogbo ètò ìgbékalẹ̀ mọ̀, kí virtio-input tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Fún TPM, ẹ lo CRB, ọ̀nà kan láti bá TPM sọ̀rọ̀ tí ó kéré tí ó sì mọ́. Ṣáájú kí driver virtio-gpu tó dé, firmware UEFI yóò ti fi GOP, ọ̀nà àwòrán tirẹ̀, gbé àwòrán jáde, ìyẹn sì tó láti fi parí ìgbékalẹ̀.

N kò fara mọ́ ẹni tí ó ní kí a gba àdánù Windows 7 bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun àtijọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti lè tì í láì pa ẹnikẹ́ni lára ni VGA àti PS/2, ibẹ̀ sì ni a ti fohùn ṣọ̀kan.

Èsì kẹrin

Kò tíì sí ẹni tí ó mẹ́nu ba ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹta tí a ti ń lo ẹ̀rọ náà. Ìlànà kì í dúró sójú kan. Ọgbọ́n tí QEMU ń lò ni pé gbogbo ìtẹ̀jáde ni ó ní orúkọ ẹ̀rọ tirẹ̀, bíi pc-q35-8.2, kí àlejò tí wọ́n dá sórí ọ̀kan lè máa rí device kan náà pẹ̀lú feature kan náà bí QEMU tilẹ̀ ti di tuntun. Láìsí èyí, ènìyàn yóò jí ní òwúrọ̀, Windows yóò sì sọ fún un pé òun wà nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò sì ní kí ó tún ìwé àṣẹ lílò rẹ̀ fi múlẹ̀. Ìlànà yín gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ẹ̀dà, kí ó sì sọ feature virtio tí ó so mọ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan àti ibi tí device kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí lórí PCIe, nítorí pé bí àwọn hypervisor méjì bá fi virtio-net sí ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú Linux yóò yí padà, Windows yóò sì rò pé kááàdì tuntun ni.

Èyí ni ó gbé mi dé ibi tí Venus àti ìgbélọ láàyè ti kọlu ara wọn. Nínú QEMU, bí a bá tan virgl, kò ní jẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ náà láàyè lọ sórí onílé mìíràn, nítorí pé ohun tí ó wà nínú GPU onílé kò ṣeé kó jáde kí a sì dà á sínú GPU mìíràn. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti kó o. Kí ìlànà kàn fún virtio-gpu ní ìfitónilétí kan tí ó ń sọ fún driver pé gbogbo ohun tí ó kọ́ sí ọ̀dọ̀ onílé ti parẹ́, pé kí ó tún un kọ́. Vulkan ti ní ọ̀nà láti sọ èyí fún ètò, VK_ERROR_DEVICE_LOST ni, Direct3D náà sì ní tirẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá yọ device tàbí tí driver bá ṣubú, nítorí náà àwọn ètò tí wọ́n kọ dáadáa ti mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe. Ohun tí a óò gbé lọ láàyè ni mẹ́mọ́rì àlejò, ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti àwòrán ìkẹyìn tí ó wà lórí rẹ̀, kí ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ má bàa rí òkùnkùn títí tí compositor (ètò tí ń to àwọn wíńdò pọ̀) yóò fi ya àwòrán mìíràn. Bí ẹ bá ti ń kọ apá yìí, ẹ kọ ìdánwò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn: ètò kan tí yóò máa pa context 3D ní àìròtẹ́lẹ̀ nígbà tí dẹ́sítọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́, tí yóò sì wò ó bóyá ó dìde padà láì jẹ́ kí wíńdò kankan sọnù.